Irọ́ Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Ọ̀nà Bàbá Ọkọ Mi

Èmi ni mo kọ ọ́, Bàbá kọ́ ló sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹ̀rù tó tún bà mí, torí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ti fà á ya lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé ẹjọ́ ọkọ àti orogún ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ìwé ìròyìn yín. Tèmi kì í ṣe ti orogún. Ọkọ mi fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gba inú igbó lọ sí Ìgbẹ́tì, ìwé tí yóò máa tẹ̀ lé lọ́nà, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́, irọ́ sì wà nínú rẹ̀... irọ́ tó lè pa á.

Ṣakí ni a wà. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n gbé mi wọlé. Ìwé kẹrin ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n nínú agboolé yìí, èmi ni wọ́n ń pè ní Alákọ̀wé. Bàbá ọkọ mi, kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ wọn, ti fọ́jú kí n tó dé. Nígbà tí ojú wọn ṣì ń ríran, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé obì lọ tà ní Ìgbẹ́tì lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti dé tí iná ti jó koríko. Wọn kì í gba títì mọ́tò tó yí lọ sí Kisi. Tí wọ́n bá ti kọjá Ìgbòho, wọ́n á yà sínú igbó, wọ́n á gba àárín àwọn òkè kọjá, ọjọ́ kẹta wọ́n á ti dé abúlé tí àbúrò wọn ń gbé lẹ́yìn òkè Ìgbẹ́tì. Láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́ ni wọn kò ti gbúròó àbúrò yìí mọ́.

Bàbá wá ní kí ọkọ mi mọ ọ̀nà náà kí àwọn tó kú. Ọkọ mi kì í tètè ti oko dé, ọ̀rọ̀ sì máa ń rẹ Bàbá tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ni wọ́n bá ní kí n máa wá kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì. Wọ́n ń sọ, mo ń kọ. Bàbá mọ gbogbo ibi tí táyà ti ń rì sínú iyanrìn, ibi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ tì í, igi tí a ń sùn sí abẹ́ rẹ̀, abà tí wọn kì í fún àlejò lómi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ wọn ń yí bíi pé wọ́n wà lórí kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ kẹta tí a ti ń kọ ọ́ ni. Oyún oṣù méjì wà lára mi, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ojú ń tì mí. Bàbá dé ibi odò kejì, wọ́n ní kí n la etí mi dáadáa, torí láti ibẹ̀ títí dé òkè Ìgbẹ́tì, ojú kan ṣoṣo ni omi wà nígbà ọyẹ́. Ni èébì bá gbé mi. Ká ní mo sọ pé Bàbá, ẹ dúró ná... ṣùgbọ́n kí ni n ó sọ pé ó ń ṣe mí? Mo rọra dìde, mo yọ́ jáde, mo lọ bì lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo padà, Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹní òfìfo ni wọ́n ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti jáde. Ohun tí mo bá lẹ́nu wọn ni pé tí ẹ bá ti mu omi yẹn tán, ẹ ti bọ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé o kọ gbogbo rẹ̀?” Mo ní, “Mo kọ ọ́, Bàbá.”

Mo ní n ó bi wọ́n lọ́la. Ọ̀la dé, ojú tì mí. Ọ̀tunla dé, àlejò wà lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ mi ní kí n gbé ìwé náà wá kí òun wò ó, mi ò sì lè fún un ní ìwé tí àárín rẹ̀ ṣófo, ni mo bá fi ọ̀rọ̀ ara mi dí i. Mo kọ pé lẹ́yìn odò kejì, kí wọ́n yà sí ọwọ́ ọ̀tún, kí wọ́n máa lọ títí wọn yóò fi rí àpáta kan tó dà bí adìyẹ tó sàba, omi wà ní ìdí rẹ̀. Àpáta ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo rò tí mo fi kọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé n ó ṣì tún un ṣe. Àbí kí ni mo rò? Kò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí Bàbá sùn tí wọn kò jí.

Ní báyìí, wọ́n ní dandan ni kí àbúrò Bàbá gbọ́, kí ó lè bá wọn ṣe fídáù ogójì ọjọ́. Ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ télọ̀ ló ń lọ. Wọ́n ti fi gírísì sí ṣéènì, wọ́n ti lẹ tíúbù, wọ́n ti di pọ́ńpù mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Gààrí wà nílẹ̀, kúlíkúlí wà nílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan kì í kọjá kí wọ́n má tẹ́ ìwé yẹn sílẹ̀, kí wọ́n máa kà á bí ọmọ iléekéwú tó ń ka wàláà. Ìyá ọkọ mi á gbà á, wọ́n á fi kan iwájú orí, wọ́n á ní ohùn ọkọ àwọn nìyí. Kẹ́ẹ̀gì omi ńkọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan péré. Mo gbé méjì méjì sílẹ̀ fún wọn, ọkọ mi gbé ìkejì kúrò. Ó ní, “Kí ni n ó máa ru omi kiri sí? Omi Bàbá ń dúró dè wá níbẹ̀.” Télọ̀ ní, “Ìyàwó wa, tí a bá dé ìdí adìyẹ yẹn, ṣé ká bá ẹ kó ẹyin bọ̀?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní ẹ ò ṣe gba títì Kisi? Ọkọ mi ní ọ̀nà tí Bàbá fi lé òun lọ́wọ́ lòun ó gbà. Mo bi ìyá Fúlàní tó ń kiri wàrà ládùúgbò wa, torí apá ibẹ̀ ni àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń da màálù. Ó ní, “Ọwọ́ ọ̀tún odò? Lásìkò ọyẹ́? Màálù gan-an kì í lọ síbẹ̀.” Mo ní ọwọ́ òsì ńkọ́? Ó ní òun ò mọ̀, àwọn ọkùnrin ló mọ̀ ọ́n, àwọn ọkùnrin sì ti kó ẹran lọ jìnnà. Mo fẹ́ pa ohun tí mo kọ rẹ́, ṣùgbọ́n télọ̀ ti dà á kọ sórí páálí tirẹ̀, ọkọ mi sì ti há a sórí. Tí mo bá tiẹ̀ pa á rẹ́, kí ni n ó fi rọ́pò rẹ̀? Irọ́ mìíràn? Mo ti mú abẹ́rẹ́ lọ sídìí táyà lọ́sàn-án tí kò sẹ́nì kankan nílé, mo gún un, afẹ́fẹ́ ń tú yẹ́ẹ́... nígbà tí ọkọ mi dé, kò jẹun kó tó lẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó wá jáde lẹ́nu mi ni pé ṣé kí n bu ọbẹ̀ kún un. Kí ni wọn yóò sọ? Pé mo fi afọ́jú sílẹ̀ kó máa bá ẹní sọ̀rọ̀, mo sì tún fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu? Oyún náà ti hàn sí ìyá ọkọ mi, wọ́n ń gẹ̀ mí bí ojú. Tí wọ́n bá gbọ́ èyí ńkọ́? Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, tí ọkọ mi kò sì padà, ta ni n ó wá bí ọmọ yìí fún?

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì sí èyí ni wọ́n ń lọ. Ìyàwó olùkọ́ kan ló ń yá mi ní ìwé ìròyìn yín, n ó máa wò ó. Ṣé kí n sọ fún ọkọ mi ni, àbí ìyá rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ bá? Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ fún mi, n ó há a sórí. Ẹ̀yin ará Ìgbòho, ẹ̀yin ará Ìgbẹ́tì, ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ mọ inú igbó yẹn, ẹ dákun, mo fi ọmọ inú mi bẹ̀ yín, tí ẹnì kan bá wà nínú yín tó mọ̀ ọ́n: lẹ́yìn odò kejì, ọwọ́ wo ni omi wà?