Fọ́tò Ìyá Rẹ Tí Mo Gbé Kúrò Lára Ògiri Nítorí Dátà

Ọlájùmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Chukwuemeka ọkọ rẹ, mo kí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ yín. Bí ìwé yìí ṣe ń wọlé sí yín ní Enugu, kí àlàáfíà tẹ̀ lé e wọlé, kí Olúwa má jẹ́ kí ẹ rí àìsàn, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ rí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Èmi náà wà. Mo ń jẹun, mo ń sùn, orúnkún ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí. Súnmọ́lá tó ń ta káàdì ìpè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi òyìnbó kankan ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Gbogbo ilé wà dáadáa. Jacob àbúrò mi kú lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a sì ti sin ín, ẹ má wulẹ̀ dààmú láti wá. Ìjì ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná. Ewúrẹ́ bí ìbejì, ọ̀kan yè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayé rí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nìyí. Lóṣù tó kọjá o ní ẹ ti já íńtánẹ́ẹ̀tì ara ògiri yín, àpótí kékeré tó máa ń tanná bí ẹni ń ṣẹ́jú yẹn, pé owó rẹ̀ lóṣooṣù ti pọ̀ jù, pé dátà inú fóònù ni ẹ ó máa rà báyìí kí owó lè ṣẹ́kù. Mi ò bá ọ jà. Ẹni tó ń gbé Enugu ló mọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan ní Enugu. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rò ó, ìkòkò ọbẹ̀ kan ni gbogbo yín ń bù jẹ tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù ti wá ń se tirẹ̀. Ọkọ rẹ fi tirẹ̀ wo bọ́ọ̀lù, ó tán kí wọ́n tó dé ìdajì eré, ó ní kí o bu díẹ̀ fún òun nínú tìrẹ, o sì bù ú fún un. Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Bá mi kí i. Sọ fún un pé kó máa lọ wò ó lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Coal Camp. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Ó mú mi débẹ̀ nígbà tí mo wá kí yín, wọ́n gbé àga fún mi, wọn ò gba kọ́bọ̀.

O tún ní rírí ojú ara wa lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi ló ń jẹ dátà jù. Mo jókòó, mo rò ó. Mo ti kó iṣu lọ sọ́jà títí mo fi darúgbó, mo mọ̀ pé ohun tó bá wúwo ló ń gba owó ọkọ̀. Fóònù yìí kì í gbé ojú mi nìkan wá bá yín, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn mi ló ń rù. Àga onítìmùtìmù wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Ta ló ní kó máa ru kọ́bọ́ọ̀dù dé Enugu lórí owó ọmọ mi? Mo pe Qasim aládùúgbò wa, onímọ́tò tó ń kó ata, a gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà síta. A gbé àga náà síta. Mo bọ́ agbádá, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò ìyá rẹ ló wá kù lára ògiri, èyí tó ní férémù onígi ńlá. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ kalẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ là lápá òsì. Mo fi ìró ìyá rẹ wé e, mo tì í sábẹ́ ibùsùn.

O mọ ìṣe Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Kó tó kí mi, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ síwájú fóònù, á kí fọ́tò náà pé ẹ káàsán Màmá. Ìyá rẹ ló kọ́ ọmọ náà láti máa kí òun bẹ́ẹ̀ kó tó kú. Yorùbá tó yọ̀ lẹ́nu ọmọ náà kò ju ìyẹn lọ, ìyókù òyìnbó ni, tàbí Píjìn, tàbí Ìgbò bàbá rẹ̀, ìwọ lo sì ń túmọ̀ fún wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn kò kúnlẹ̀. Ó na ọrùn, ó ń wá ẹ̀yìn mi, ó béèrè pé Màmá dà. Mo ní ó ti kú. Ó ní òun mọ̀, èyí tó wà lára ògiri ńkọ́? Mo ní mo ti gbé e kúrò kí dátà ìyá rẹ̀ má bàa tán. Ojú rẹ̀ yí padà. Kí n tó tún sọ̀rọ̀, ojú náà dúró gbagidi bí ère, ó sì parẹ́. Ìgbà tí o pè lẹ́yìn náà lo ní dátà ti tán. Mo kẹ́rù síta lásán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí. O ní tó bá ti gbọ́ pé èmi ni, á sá wọ yàrá, pé Bàbá ti ju Màmá nù. Ìdí tí mo ṣe ń kọ̀wé nìyẹn. Ìwé kì í jẹ dátà. Qasim ló máa gbé e dé ọjà Gariki ní Enugu níbẹ̀ pẹ̀lú ata rẹ̀, kí o lọ gbà á níbẹ̀.

Mi ò sunkún nígbà tí ìyá rẹ kú, ojú rẹ ló ṣe. Mo ti sin ọmọ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní ọkàn mi le. Kó le. Ṣùgbọ́n mi ò ju ìyàwó mi nù. Sọ ìyẹn fún ọmọ náà ní èdè tó bá gbọ́, kí o sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí a kọ̀wé dé ibi kọ́bọ́ọ̀dù, Súnmọ́lá fi bírò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní háà, Bàbá, kọ́bọ́ọ̀dù kì í jẹ dátà o! Ó ní bí mo bá gbé Òkè Àdó sẹ́yìn, kò wúwo ju ògiri òfìfo lọ. Mo ní kí ló wá ń jẹ ẹ́? Ó ní iye ìṣẹ́jú ni, àti ohun tó bá ń mira níwájú fóònù, pé ojú mi gan-an ni. Mo ní kó kọ ọ́ síbí pé ó fi àgbàlagbà ṣẹ̀sín. Ó ti kọ ọ́.

Ìpinnu mi nìyí. Bó bá jẹ́ ojú tó ń mira ló ń náwó, ti ìyá rẹ kì í mira. Mo ti gbé fọ́tò náà padà sára ògiri. Òun ni màá kọjú fóònù sí lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó máa gbọ́ ohùn mi. Ọmọ náà mọ ojú mi tẹ́lẹ̀. Kó kúnlẹ̀, kó kí ìyá rẹ̀ àgbà. Tí dátà bá fẹ́ tán lẹ́yìn ìyẹn, kó tán.

Fi owó gíláàsì ránṣẹ́, àti ti páànù méjì. Má fi sí báńkì. Wọ́n ní kí n wá tẹ̀ka kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ṣì wà láàyè, mo sì dúró síwájú wọn níjọ́ náà. Fi lé Qasim lọ́wọ́.

Olúwa yóò bá yín ṣọ́lé. Owó tí ẹ ń tù jọ kò ní di owó oògùn. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ yóò dàgbà, yóò sin ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ò ní sin ín.

Èmi Alfred, bàbá rẹ. Mo ti tẹ̀ka.