Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Gìtá Rẹ

Àbúrò mi, ó pé ọdún márùn-ún lónìí tí yàrá rẹ ti dákẹ́.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ ìrántí rẹ sínú ìwé ìròyìn yìí. Lọ́dún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo pè ọ́ ní olóòótọ́. Mo kọ ọ́ pé o ò purọ́ fún mi rí láti kékeré. Ti ọdún yìí yàtọ̀. Inú ń bí mi sí ọ, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé ṣe rí fún ọ. Ọmọ mi obìnrin, èyí tó máa ń pè ọ́ ní Bàbá Onígìtá, ló ń darí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wa báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ó ti bímọ méjì. Àkọ́bí rẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé, ó sì ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé bíi tìrẹ. A ti tún òrùlé ṣe, omi ò jò sórí àwọn ẹ̀rọ rẹ mọ́. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo ń wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta. Aago mẹ́jọ la ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹn ò yí padà.

Àwo orin mẹ́rin lo ṣe, gìtá nìkan, o sì ṣe gbogbo wọn nínú yàrá rẹ lókè ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú àwọsánmà lo ti ṣe wọ́n. Èmi ni mo mọ bó ṣe rí. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì ni, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Téèpù kan ṣoṣo ló ń gba inú èkíní kọjá lọ sínú èkejì. Wàá ta okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, èkíní á gbà á sílẹ̀. Kí téèpù tó rìn dé ọ̀dọ̀ èkejì, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ ti lọ, èkejì á wá gbé ohùn yẹn padà wá bá ọ, ó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Wàá tún ta òmíràn lé e. Báyìí báyìí títí yàrá á fi kún. Nígbà tí téèpù ń há láàárín ọ̀nà, o sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ̀ mí. Mo fi igi líle gbẹ́ òpó kúkúrú méjì fún ọ, mo fi sáńpépà fá wọn títí wọ́n fi ń dán, kí téèpù lè máa yọ̀ lára wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é.

Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Mo ní, “Orin tí kò ní ìlù, tí kò ní ọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ jó o?”

O ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní jó. Wọ́n á jókòó ni.”

“Wọ́n á jókòó ṣe kí ni?”

“Wọ́n á jókòó gbọ́ ọ.”

Mo ní kí o gba ìgbálẹ̀, kí o bá mi gbá lẹ́búlẹ́bú igi.

Ẹ̀yìn àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo kọ gbólóhùn kan náà sí: “Èmi nìkan ni mo ṣe gbogbo ohùn inú àwo yìí.” Ìwọ nìkan! Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, orí mi wú.

Lórí àwo kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Ọdún tí ìyàwó mi dùbúlẹ̀ àìsàn lo ṣe é. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá rẹ àti tiwa. O ní kí a gbé máìkì sí ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí o lè gbọ́ ọ bó bá pè nígbà tí mo bá wà nísàlẹ̀. Mo ní o ṣeun. Èmi fúnra mi ni mo lu ihò tí wáyà gbà kọjá. Mo tún fi pákó kékeré bo etí ihò náà kó lè mọ́ lójú.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń lọ jókòó tì í. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú yàrá yẹn, mo sọ̀rọ̀. Ohun tí mi ò sọ fún un láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fẹ́ ẹ ni mo sọ. Mo tọrọ àforíjì fún àwọn nǹkan kan. Mo sunkún. Mo rò pé àwa méjì nìkan la wà níbẹ̀.

Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi kú lóṣù kẹwàá. Àwo náà jáde nígbà tí ọdún yípo. Lábẹ́ gìtá rẹ, ohùn kan wà tó ń lọ tó ń bọ̀, ó nípọn, kò kánjú. Wọ́n ní atẹ́gùn ni. Àwọn mìíràn ní omi òkun ni. Mo bi ọ́, o ní, “Ẹ̀gbọ́n, gìtá náà ni.” O wojú mi sọ ọ́! Mo gbà ọ́ gbọ́. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ni mo fẹ́ràn. Mo ń gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, mo ń sọ fún àwọn oníbàárà pé àbúrò mi ló ṣe é, òun nìkan.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin tó ń bá ọ tẹ àwo jáde wá sílé. Ó ní òun fẹ́ tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ papọ̀ sínú àpótí kan, kí n bá òun wá àwọn téèpù àkọ́kọ́. Èmi àti ọmọ mi tú àwọn páálí rẹ. A rí ọ̀kan tí o kọ “Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, ìrọ̀lẹ́” sí. A gbé e sórí ẹ̀rọ. Ohùn ara mi ni mo gbọ́. Mo ń bẹ obìnrin kan pé kó má lọ.

Ọmọ mi sáré pa ẹ̀rọ. Ọjọ́ kejì ló tó fi hàn mí: bí téèpù yẹn bá rọra rìn, ní ìdá kan nínú mẹ́rin eré rẹ̀, ohùn èmi àti ti ìyá rẹ̀ ló di ohun tí wọ́n pè ní atẹ́gùn nínú àwo kẹta.

O gbé ẹkún mi, o fà á gùn, o ta gìtá lé e lórí, o sì kọ ọ́ sẹ́yìn àwo pé ìwọ nìkan. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń fi ẹkún mi sùn lọ! Wọ́n ń fi ohùn aláìsàn mu tíì! Àbúrò mi, ṣé ohun tó yẹ kí o ṣe sí mi nìyí?

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi dé ibi tí ẹ̀rọ náà wà. Ọmọ mi ló gbọ́ téèpù náà dé òpin, ó sì wá bá mi. “Bàbá, ẹ wá gbọ́ ibì kan. Ibẹ̀ nìkan.” Mo ní mi ò gbọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ má ṣe agídí. Màmá mi ni, ohùn tiyín ò sí níbẹ̀.”

Mo jókòó. Ìyàwó mi ń bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Orúkọ tó máa ń fi bá ọ ṣeré ló fi pè ọ́. “Atẹ́ẹ́rẹ́, tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ti àná fún mi kí n gbọ́.” O ní ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Ó ní, “Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró de ọ̀rọ̀ yẹn.” Ẹ jọ rẹ́rìn-ín. Ikọ́ mú un. Nígbà tó lọ sílẹ̀, ó ní, “Má sọ fún un o. Tó bá fi lè mọ̀, á tún pa ẹnu rẹ̀ dé.”

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mọ̀! Èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Òótọ́ ló sì sọ. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá pa ẹnu dé.

Mo bínú sí òkú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbínú ti ìyàwó mi ti rọlẹ̀. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, ẹ̀bi wo ló wà níbẹ̀? Tìrẹ ni kò rọlẹ̀. Ó ní kí o gbà á sílẹ̀ fún òun. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin gbọ́ téèpù náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò síbi tó ti ní kí o tà á. Kò síbi tí o ti bi í. Ọdún méje lo sì lò pẹ̀lú mi lẹ́yìn náà, à ń jẹun lórí tábìlì kan, o ò bi èmi náà.

Ọkùnrin tó ń tẹ àwo padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ mi bẹ̀ mí: “Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ kàn ní kí wọ́n kọ orúkọ yín àti ti màmá sí i.” Mo rò ó. Mo fọwọ́ síwèé fún àkọ́kọ́, fún ìkejì, fún ìkẹrin. Mi ò fọwọ́ sí ti ìkẹta. Ìyàwó mi ò sí láyé láti sọ pé òun gbà, èmi ò sì lè bá a sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ra àpótí náà tó rí i pé ọ̀kan dín, kó mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe. Èmi ni mo yọ ọ́.

Ọjọ́ méjì ni ọmọ mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Mo gbé téèpù ìrọ̀lẹ́ yẹn fún un. Mo ní kó máa gbọ́ ti ìyá rẹ̀, kó máa fo tèmi. Mo mọ̀ pé kì í fò ó.

Ohun tó dùn mí jù ni pé o lọ kí n tó mọ̀. Ká ní o wà láyé ni, ǹ bá pè ọ́ sọ̀ kalẹ̀, ǹ bá bú ọ níwájú àwọn oníbàárà, ǹ bá lé ọ jáde tìwọ ti gìtá rẹ. Ò bá lọ sùn sílé ọ̀rẹ́ kan. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ, ǹ bá rán ọmọ mi sí ọ pé oúnjẹ ti jinná. Ò bá wọlé, ò bá jókòó, kò sẹ́ni tó máa mẹ́nu bà á láàárín wa, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí a ṣe ń parí ìjà láti kékeré nìyẹn. Ikú ò jẹ́ kí n rí ìyẹn ṣe.

Inú ṣì ń bí mi sí ọ, àbúrò mi. Àárò rẹ ń sọ mí. Ó ń sọ mí lójoojúmọ́! Mo fẹ́ràn rẹ. Mo sọ ọ́ ní gbangba lónìí, níwájú gbogbo ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ẹnikẹ́ni ò ní láti jí i gbọ́ lẹ́nu mi mọ́.