Ọmú Kẹta Ọkọ̀ Wa

Katungi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń sùn ní Kampala, mo kí onílé rẹ pẹ̀lú kí inú rẹ̀ lè máa yọ́ sí ọ. Ṣé o ń rí wàrà gidi mu, àbí èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá yẹn náà ni? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọ̀dá pa wá lọ́dún tó kọjá kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Ara ìyá rẹ le, ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Àwọn màlúù wà dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ iye wọn sínú lẹ́tà, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, àgbàlagbà ọkọ̀ dísẹ́lì tí o rà fún wa kí a máa fi gbé wàrà lọ tà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó dé tí inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbà-gbà-gbà, bí ẹni ń fi òòlù lu ìkòkò irin. Òwúrọ̀ tí òtútù bá mú ló máa ń kàn jù, tí oòrùn bá ti ga tí àwọn màlúù lọ mumi, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ṣàkíyèsí èyí dáadáa, ẹni tó ti da màlúù fún àádọ́ta ọdún kì í fi etí ṣeré.

O ní kí n fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, mo sì ṣe bí o ti wí. Mo kọ́kọ́ sọ fún ọkọ̀ náà pé Katungi tó rà á ló fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ó sọ ibi tó ń dùn ún, kí ó má tijú. Kí epo má baà ta sí fóònù, mo gbé e sínú garawa wàrà ìyá rẹ, mo wá gbé garawa lé orí ẹ́ńjìnnì. Bí o ṣe gbọ́ ọ báyìí, o ní egungun inú rẹ̀ ti ṣẹ́, pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n ta Gaaju, ààyò màlúù wa, kí a fi ra òmíràn.

Ọmọ mi, inú mi bàjẹ́. Gaaju kan náà tí a ti fi han àwọn àna rẹ pé òun la ó fi san owó orí, tí bàbá Kembabazi àfẹ́sọ́nà rẹ fọwọ́ pa ìwo rẹ̀ tó ní òun gbà? Bí wọ́n bá dé lóṣù tó ń bọ̀ tí wọn ò bá a, ta ni wọ́n máa fún lọ́mọ? Rutaro aládùúgbò wa, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára Gaaju láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, gbọ́ ìròyìn náà, ó gbé okùn dé kí ìrì ọjọ́ kejì tó gbẹ. Ó ní òun ò wá ra màlúù o, òun kàn wá bá mi kẹ́dùn ni, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ tà á, okùn ti wà lọ́wọ́ òun. Ìyá rẹ bi í pé ta ló ń mú okùn lọ bá èèyàn kẹ́dùn. Mo wọ inú agbo, Gaaju lá mi lọ́wọ́, mo sì sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìyá rẹ ló ní kí a kọ́kọ́ pe Nuwagaba, mẹkáníìkì tó ń gun alùpùpù kiri. Ó ṣí orí ọkọ̀, mo wá rí i pé páìpù mẹ́rin ló ń gbé epo wọ ẹ́ńjìnnì. Mo ní kí ó dúró ná. Mo ní bí màlúù bá ń tapá nígbà tí a ń fún wàrà rẹ̀, a kì í tìtorí ìyẹn pa á, ọ̀kọ̀ọ̀kan la fi ń fún ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò títí a ó fi rí èyí tó ń ṣàìsàn. Ó wò mí títí, ó ní Bàbá, ta ló kọ́ yín níṣẹ́ wa? Ó tan ọkọ̀, ó dẹ páìpù kìíní díẹ̀, ariwo ò dá. Ó dè é padà, ó dẹ èkejì, ariwo ò dá. Bó ti dẹ ẹ̀kẹta, ọkọ̀ ń gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkàn náà dákẹ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ọmú sí lẹ́nu. Ọmú kẹta ni. Rutaro bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn rẹ̀.

Ó yẹ kí n parí lẹ́tà síbí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ jókòó tì mí. Nuwagaba yọ irin kékeré tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, ó bá ohun kan tó dì mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní Ìyá, òrí wàrà nìyí. Ìyá rẹ wò mí. Rutaro wò mí. Èmi ń wo màlúù.

Katungi, bí ìyàwó bá wọlé wa, ṣé a kì í fi òrí wàrà pa á lára? Gbígbẹ ni ọkọ̀ yìí wọ agboolé. Mo fi òrí pa á lójú, mo fi pa á lẹ́sẹ̀, mo wá rọ ìyókù òrí tó wà nínú kèrègbè sí ẹnu tó fi ń mu epo, torí a kì í fi ọwọ́ òfo gba àlejò. Ire ni mo rò. Nuwagaba ní òtútù òwúrọ̀ ló ń mú un dì, pé garawa ló sì sọ ohùn rẹ̀ di ti òkú létí rẹ.

Nítorí náà, fi ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ṣílè ránṣẹ́, kí a fi ra irin kékeré náà, kí a sì fi fọ ikùn ọkọ̀. Gaaju ń jẹko, ó ń dúró de àwọn àna rẹ. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ilé tó kún fún wàrà, kí ìyàwó rẹ bímọ tó máa sin èmi àti ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kamugungunu.

Ìyá rẹ ní kí o ra ìdérí tó ní kọ́kọ́rọ́ fún ẹnu tí ọkọ̀ fi ń mu epo. Ó ní ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ máa wà, àti pé lọ́jọ́ tí Kembabazi bá wọlé, òun ni yóò di kèrègbè mú.