Ilẹ̀ Tó Ń Pè Ọ́ Láràárọ̀

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Bí o bá ń ka lẹ́tà yìí lórí ìjókòó, kí ìjókòó tù ọ́ lára; bí o bá ń kà á lórí ìdúró, kí ẹsẹ̀ rẹ má yẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká wá ọ tì. Àmín. Àwa náà wà láàyè. Ìrora eékún ìyá rẹ ti fi ọ̀tún sílẹ̀, ó ti kó lọ sí òsì, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò, ṣùgbọ́n a ò gbé nǹkan kan síbi tó ń jò sí mọ́, nítorí náà kò sí wàhálà.

Wàá bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìyá rẹ ló ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má pè ọ́. Ó ní àwọn tó ń pè ọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí ti tó.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ohùn sọ, tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù, ló fà á. Ṣọ́ọ̀bù ló ti bá mi, mo ń gẹ irun fún ẹnì kan lọ́wọ́, mo ní kí oníbàárà náà ṣe sùúrù, mo tẹ̀ ẹ́, o kí mi, mo dáhùn, ṣùgbọ́n ṣe ni ò ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ, o ò dúró gbọ́ bí mo ṣe ń béèrè àwọn ọmọ. Ó dùn mí díẹ̀. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló là mí lóye pé ohùn tí o ti sọ sílẹ̀ ni, pé ìwọ fúnra rẹ kò sí níbẹ̀. Mo ní ta ló wá wà níbẹ̀. Ó ní kí n máa gẹ irun mi lọ.

Mo gbé e lọ fún ìyá rẹ nílé. O ní dókítà sọ pé ìjókòó ọ́fíìsì ti pọ̀ jù fún ọ, pé kí o máa rìn; pé o rìn títí, o bọ́ bàtà, ó sì dùn mọ́ ọ; pé ní báyìí o ti ń sáré, ìwọ ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ní títì tí gbogbo ayé ń gbà. O ní ẹsẹ̀ lásán ni. Ìyá rẹ ní ojú lásán kọ́. Síbẹ̀ ó ṣì wà lórí àga. Ìgbà tí o wá ní láràárọ̀ tí o bá ti jí, ilẹ̀ á máa pè ọ́, ìwọ náà á sì dá a lóhùn, ibẹ̀ ló ti dìde.

Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń dá ilẹ̀ lóhùn? Ṣé bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Láti kékeré la ti ń sọ fún ọ pé bí o bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, kí o panu mọ́. Ọkọ rẹ, ẹni ire, ilẹ̀ pè é lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò sì padà wálé. Láti ìgbà náà a ò gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ. Bí o bá pè wá, ohùn rẹ a dà bí ohùn ẹni tó ń ka ìkéde. Ìyá rẹ kì í sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ̀rù ni pé kí o má lọ tẹ̀lé ọkọ rẹ. Ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà. Ìwọ wá fi ẹnu ara rẹ sọ pé ilẹ̀ ń pè ọ́.

Ní ìparí ọ̀rọ̀ náà la tún gbọ́ nǹkan kan, hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀, ó gé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ní ẹkún ni, pé ẹkún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ti há ni. 

Àwòrán tó tẹ̀lé e kò ràn wá lọ́wọ́. Ìwọ rèé lójú títì, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì wà lófuurufú, kò sí èyí tó kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ ní irú èèyàn wo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Mo ní bí ilẹ̀ bá ń pè é tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì kàn án, a jẹ́ pé kò tíì débẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé mo ń tù ú nínú ni. Ó kẹ̀yìn sí mi lórí ibùsùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ní òun ń bọ̀ wá mú ọ wálé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé bàtà lo máa wọ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ títí dé ẹnu ọ̀nà wa, bí o bá sì kọ̀, òun á so ó mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Èmi kì í bá ẹni tó ń di ẹrù jiyàn. Mo ní kí n kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo forí lé ṣọ́ọ̀bù. Sìmẹ́ǹtì iwájú ilé tutù, mo dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Yanrìn ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo dé orí òkúta wẹ́wẹ́ iwájú ilé ìwé, ìpè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń pe ìyá mi. Ni mo bá rántí pé ìwọ ń sáré ni, bóyá ẹni tó bá ń sáré ló ń gbọ́ ọ. Mo ki eré mọ́lẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé àgbà kì í ṣàdédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Télọ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi náà mọ̀ ọ́n. Ó ń wọ aṣọ tuntun wò lára oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tó rí mi tí mò ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà. Kò béèrè nǹkan kan. Ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ kan, ó bẹ́ sójú títì, ó ń sá lọ níwájú mi, téèpù ń jù fìrìfìrì lọ́rùn rẹ̀. Mò ń kígbe pé kó dúró, ó rò pé mo ní kó yára. Ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń ta búrẹ́dì ni a ti ṣubú lé ara wa. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí ló ń lé wa? Mo ní mi ò mọ̀, pé ilẹ̀ ni mò ń tẹ́tí sí. Ó wò mí, mo wò ó, ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu wa. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mi ò rí èémí mú, màá mí díẹ̀, màá tún rẹ́rìn-ín, hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀, á gé, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ni mo wà tí mo fi dákẹ́ lójijì. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí.

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo padà sílé, mo tẹ fóònù, mo ní kí ìyá rẹ gbọ́ ìparí yẹn nìkan. Ó ní ẹkún ni. Mo ní kó tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́, ó wá rọra jókòó sórí ẹrù tó dì. Ó ní ẹ̀rín ni. Ó ní ẹ̀rín ọmọ òun ni, èyí tí o máa ń rín ní kékeré bí òun bá ń wẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ. Ó wá sunkún, èmi lọ fọ ẹsẹ̀ mi. Inú mi dùn, ọmọ mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ẹ̀ sínú lẹ́tà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá rẹ kò tú ẹrù. Ó ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti mú ọ wálé mọ́, ó fẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ láàárọ̀ kó lè gbọ́ ọ bí o bá ń sáré padà bọ̀. Ó ní bí ilẹ̀ bá tún pè ọ́, o lè dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ béèrè ẹni tí í ṣe. Èmi ní kí o máa wo ìgò fífọ́.

Ní ti owó, bá wa wá ti ọkọ̀ ìyá rẹ, kí o fi ti òrùlé kún un bí agbára bá ká a. Télọ̀ ní kí n sọ fún ọ pé oníbàárà òun ti gbé aṣọ alápá kan lọ, àti pé ìwọ lòun di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní kí o fi dátà ránṣẹ́ sí mi. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ dátà, ṣùgbọ́n ó ní ó máa ń tán, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ ni ká máa gbọ́ ẹ̀rín náà, ká fọgbọ́n lò ó, kó má bàa tán sínú fóònù. Lánàá mo bá a ní ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀. Mo jókòó tì í, a jọ gbọ́ ọ. Bí o bá ní òmíràn, jọ̀ọ́, fi ránṣẹ́.

Wàá pẹ́ lórí ilẹ̀ yìí, ọmọ mi. Wàá pẹ́ lórí rẹ̀ ju èmi àti ìyá rẹ lọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.