Ìpéǹpéjú Jíìpù Bàbá Rẹ Ti Dúdú

Ọmọ mi àtàtà,

Láràárọ̀, kí n tó bọ́jú rárá, mo máa ń rẹ àkísà méjì sínú omi, mo á fún ọ̀kan gbẹ, mo á jẹ́ kí èkejì máa kán tótó, mo á sì jáde lọ nu jíìpù bàbá rẹ. Ọwọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí àtàǹpàkò bàbá rẹ ti jẹ ike náà wọlé díẹ̀. Láti ibẹ̀ mo á nu dígí, mo á nu bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo á yí i ká dé ibi iná ẹ̀yìn, mo á wá fi àkísà tí mo fún tẹ̀ lé e. Tí mo bá ṣe é tán, mo á fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, kí n tó wọlé lọ bọ́jú. Mo ti ṣe ti òní kí n tó jókòó láti kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ibi tí ojú rẹ bá wà, ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣì í gbé. Àlàáfíà ni mo wà, orúnkún nìkan ló ń ráhùn, èmi àti òun sì ti mọwọ́ ara wa.

Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé yìí o, ẹnikẹ́ni kò bá mi di ọwọ́ mú. Ní ilé ìwé ìrọ̀lẹ́, a ti kọjá kíkọ orúkọ, a ti dé orí lẹ́tà. O mọ̀ pé ojú máa ń tì mí. Láti ìgbà tí mo ti kó wá sí ilé tí bàbá rẹ kọ́ kó tó fi wá sílẹ̀, ọdún kan ti pé, ẹ̀yìn pátápátá lẹ́bàá fèrèsé ni mo sì máa ń jókòó ní kíláàsì. Mo mọ gbogbo wọn láti ẹ̀yìn. Aránṣọ tó jókòó níwájú mi, gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ ló là, ọ̀tún kò là. Wẹ́dà máa ń ka ọ̀rọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Tíṣà máa ń nu ẹfun sí àpò ṣòkòtò kan náà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n èmi, “ìyá tó ń gbé ilé igun” ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn bí wọ́n bá pè mí.

Ó wá di ọjọ́ tí o pè, tí o ní ọkùnrin kan fẹ́ ra jíìpù, pé kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́, pé mọ́tò náà ti gbó, ara rẹ̀ ti funfun, kí a tètè gbé e fún ẹni tó fẹ́ ẹ kó tó di àlòkù irin. Mo ní ó dáa. Ọmọ mi, kò dáa, ẹnu mi ló ṣàdéédéé sọ bẹ́ẹ̀. Mo jáde lọ wò ó. Òótọ́ ni, bọ́ńpà, ẹ̀yìn díńgí ẹ̀gbẹ́, àti àwọn ike tó bo orí táyà bí ìpéǹpéjú, gbogbo wọn ti hewú bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣàìsàn. Ṣé nítorí pé nǹkan hewú ni wọ́n ṣe ń tà á? Orí tèmi ńkọ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ̀ síwájú ní kíláàsì, mo bi aránṣọ bóyá ike ṣeé kùn. Ó yíjú padà, ó ní háà, màmá, ẹ lẹ́nu báyìí? Ló bá gba fóònù tí o rà fún mi, ó sì wá ọkùnrin kan jáde nínú rẹ̀ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Kó tó sọ nǹkan kan, ó ti kí mi, ó ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìrọ̀lẹ́ ni níbí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ilẹ̀ kì í mọ́ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì dá a lóhùn. Ó ní kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n jẹ́ kó gbẹ, kí n fi bébà oníyanrìn tí káfíńtà fi ń ha pákó ha á díẹ̀díẹ̀, kí n fi téèpù àti ìwé bo ibi tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ kàn, kí n mi agolo ọ̀dà jìgìjìgì, kí n wá máa fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí a dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó tún un fín. Kí n tó ṣẹ́jú, tirẹ̀ ti gbẹ. Oòrùn ibẹ̀ yẹn kò ní láàánú. Tiwa jókòó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà pé ṣánṣán.

Lọ́jọ́ tí a kùn ún, mo gbé fóònù sórí àga kọjú sí bọ́ńpà kó lè máa wo ọwọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ pé ó ti ń dára bọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí a kọ èrò wa sí ìsàlẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo dúpẹ́, mo béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, mo sì fi í sí abẹ́ fóònù. Kò tíì mú un, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ pọ̀ fún un.

Ọmọ mi, ká ní o wà níbẹ̀! Wẹ́dà gbé agolo ọ̀dà dúdú mẹ́ta wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aránṣọ fi síkáàfù bo imú, ó ń gé téèpù fún mi. Wẹ́dà ní, Ìyá Jíìpù, ẹ má dúró lójú kan, ẹ máa rìn, ọ̀dà kì í ṣe ìkíni. Ìgbà tí mo dúró lójú kan lẹ́ẹ̀kan ló ṣàn wálẹ̀ bí omi imú, a sì rẹ́rìn-ín títí aránṣọ fi jókòó sílẹ̀. Sálúbàtà mi ti dúdú, èékánná mi ti dúdú. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní ìyá ilé igun mọ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù wá kù. Ìwé ìròyìn tí a fi bo dígí tán nígbà tó ku iná iwájú méjèèjì. Fọ́ọ̀mù rẹ jẹ́ ojú ewé méjì, ó nípọn, ó sì ṣe déédéé iná náà bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Mo kọ́kọ́ kà á kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn o. Wọ́n ní kí a má kọ ohunkóhun sí abẹ́ ìlà kan báyìí. N kò kọ nǹkan kan síbẹ̀, mo kàn fín ọ̀dà sí i ni. Lánàá ni ọkùnrin tó fẹ́ rà á wá, ó ní màmá, fọ́ọ̀mù dà? Mo nawọ́ sí iná iwájú, níbi tó ṣì lẹ̀ mọ́. Ó wò ó, ó wò mí, ó yí jíìpù ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣé mọ́tò yìí náà ni, pé òun á fi owó kún un, òun á sì mú fọ́ọ̀mù mìíràn wá. Mo ní kó má ṣe ìyọnu, pé kì í ṣe títà mọ́. Ẹnu mi kọ́ ló sọ èyí, èmi ni. Má bínú sí mi. Bí wọ́n bá gbé e lọ, kí ni wọ́n á máa pè mí?

Báńkì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ ìbí mi, wọ́n pe orúkọ mi pé, wọ́n ní kí n pẹ́ láyé. Mo ṣàdúrà fún àwọn náà padà, wọn kò tíì fèsì. Bí o bá gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, bá mi kí ọ̀gá wọn. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún agolo méjì sí i, nítorí bọ́ńpà ẹ̀yìn ṣì funfun, kò sì yẹ kí ènìyàn kun àtíkè síwájú kó gbàgbé ọrùn. Bí o ṣe ń bọ̀ wá wò mí, ọ̀nà á là fún ọ, ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní ṣá mọ́ ọ lọ́wọ́.

Lọ́la, tí mo bá nù ún tán, mo máa ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti rà á, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. N kò ní tan ẹ́ńjìnnì o. Mo kàn fẹ́ jókòó síbẹ̀, kí n di ọwọ́ ọkọ̀ mú, kí n mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń rí láti ibẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Ìyá Jíìpù