Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Létí Ìrọ̀rí

Màámi,

Ẹ bá mi yọ̀! Wọ́n ti fún mi nígbèéga níléeṣẹ́ agbẹjọ́rò wa, àwa tí a kì í jẹ́ kí wọ́n jí ọgbọ́n orí ẹlòmíì tà. Orúkọ mi ti wà lára ilẹ̀kùn.

Ẹ rántí ìrọ̀rí tí ẹ fi abẹ́rẹ́ ya ẹsẹ̀ ẹyẹ sí létí fún ọ̀gá mi? Oníbàárà wa kan tó ń ta aṣọ ibùsùn rí i, ó ní ká fi orúkọ òun gba ọnà náà lábẹ́ òfin, kí ẹlòmíì má rán an tà mọ́. Èmi ni mo ṣe é. Ọ̀gá ní ọwọ́ mi dá múṣé.

Màámi, ẹ dáwọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ rírán dúró. Ṣebí ojú ń dùn yín. Ẹ máa ya òdòdó dípò rẹ̀, òdòdó náà dáa.

Mo ti gbé ìrọ̀rí ẹsẹ̀ ẹyẹ tí ẹ rán fún èmi náà sínú àpótí. Apá ni mò ń gbórí lé. Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ní mò ń sùn dáadáa.

Ọmọ yín.