Ẹ̀jẹ̀ Ẹni Tí Ara Rẹ̀ Dá

Glásígò, 1998

Màámi,

Ìrẹsì Ìgbẹmọ tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Ara mi le. Ó kàn máa ń rẹ̀ mí ni, òtútù ibí ló fà á.

Iṣẹ́ wa ń lọ. À ń da ẹ̀jẹ̀ gba ojú ọ̀nà tín-ín-rín kan lórí gíláàsì, iná mànàmáná á fa sẹ́ẹ̀lì tó ní àrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó dá á kọjá. Lọ́jọ́ Ẹtì, a nílò ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, mo bá na apá mi. Iná fa púpọ̀ nínú rẹ̀. A fọ gíláàsì, a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, àmọ́ ó ti bá mi gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, àìsàn wo ni wọ́n kọ sí káàdì Bàámi?

Ẹ bá mi kí Kíkẹ́lọmọ àbúrò mi. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Ọmọ yín,
Èyítáyọ̀